Ìbéèrè Obìnrin Alátùpà

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, àti ẹ̀yin ọmọ aládùúgbò tí ẹ ti di tiwa. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé. Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó dojú rẹ̀ délẹ̀. Fóònù ò ní kú, ìwọ náà ò sì ní kú. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, àmọ́ etí mi ò di, ojú mi ò sì gbàgbé ohun tó bá rí. Orin wà nínú ìtàn yìí. Bí mo bá dá a, ẹ gbè é. Ẹni tí kò bá gbè é kò ní fẹnu kan ohun tó wà lórí iná yẹn.

Ṣé òórùn rẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ yín? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi ọkùnrin, mo ń ṣa ẹ̀wà. Tẹlifíṣọ̀n ni ọmọ mi ń tún ṣe. Inú ṣọ́ọ̀bù náà, tẹlifíṣọ̀n gun tẹlifíṣọ̀n lórí. Àwọn kan kọjú síra wọn bí orogún, àwọn kan kẹ̀yìn síta tí ìfun wọn tú sílẹ̀. Ọmọ mi fi irin gbígbóná jó òjé mọ́ ojú waya tó já, èéfín rú túú, ó nu ọwọ́, ó ní, "Màámi, ẹ bá mi fojú sí i."

Ló bá ki sídì rẹ̀ bọ inú ẹ̀rọ.

Sídì kan ṣoṣo ló fi ń dán gbogbo tẹlifíṣọ̀n wò láti ìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Fíìmù kan ló wà nínú rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: àtẹ̀gùn ilé ńlá kan, òkùnkùn níbi gbogbo. Obìnrin kan tó wọ aṣọ pupa gbé àtùpà lọ́wọ́, ó ń gun àtẹ̀gùn náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dé àárín, ó dúró. Ó yíjú padà, ó wo ìwọ tó ò ń wò ó gan-an lójú, ó sì béèrè pé, "Ṣé o dé ibẹ̀?"

Ibẹ̀ ni ọmọ mi máa ń dá a dúró sí. Gbogbo ohun tó ń wá ti pé. Pupa wà lára aṣọ, àwọ̀ iná wà nínú àtùpà, dúdú wà lára ògiri, ohùn náà sì ti jáde. Ó máa fi ojú obìnrin náà sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tirẹ̀, á fi wé ojú obìnrin náà lórí tẹlifíṣọ̀n oníbàárà. Bí ojú méjèèjì bá ti jọra, iṣẹ́ parí, kí olóhun wá gbé ohun rẹ̀.

Gbogbo wa nínú ilé yẹn la mọ ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Òpin rẹ̀, ẹnì kankan ò mọ̀ ọ́n.

Nítorí dídúró tó ń dá a dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́, ojú obìnrin náà jó mọ́ gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yẹn. Ẹ pa á, ẹ yọ waya rẹ̀ lára ògiri, ẹ ó ṣì rí i nínú gíláàsì bí èéfín: iwájú orí, ojú, àti ẹnu tó fẹ́ béèrè nǹkan. Àwọn oníbàárà tó bá kọ́kọ́ wọlé máa ń ta gìrì. Ọkùnrin kan bi mí pé, "Ìyá, ta ló wà nínú ibẹ̀ yẹn?" Mo ní, "Ìyàwó kejì tí ọmọ mi fẹ́ ni. Kì í jẹun, kì í sì í béèrè owó aṣọ." Ọkùnrin náà ò tún padà wá gbé rédíò rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló rán.

Èmi ò bẹ̀rù obìnrin náà. Mo máa ń kí i láàárọ̀, mo sì ní orin fún un. Ẹ gbè é:

Alátùpà orí àtẹ̀gùn,
*Ta lò ń wò?*
Iná ń jó, epo ń lọ,
*Ta lò ń wò?*
Ẹni o bi kò tíì dáhùn,
*Ta lò ń wò?*
Èmi kọ́ o, mo wà nílé,
*Ta lò ń wò?*

Háà, ohùn yín dùn! Ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn, mo rí ọ, ò ń jẹ ẹnu lásán, o ò gbè é.

Ẹni tí ìtàn yìí dá lé lórí ni ọmọ ọmọ mi, ọmọ onítẹlifíṣọ̀n yìí. Ẹnudùn là ń pè é, nítorí ẹnu rẹ̀. Ọmọ yẹn lè ta omi fún ẹja. Bó bá bá ọ sọ̀rọ̀, wàá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni Pẹ̀lẹ́, ọmọ jẹ́jẹ́ tó máa ń jókòó tì í ní kíláàsì. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Pẹ̀lẹ́ ni pé bó bá fẹsẹ̀ kọ àga, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o," fún àga. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kò ní kà tán.

Ní ọdún yẹn, ìwé ìtàn kan wà tí wọ́n ń kà nílé ìwé, ìwé àtijọ́, ìtàn ìbànújẹ́. Ìwé yẹn gan-an ni wọ́n fi ṣe fíìmù tó wà nínú sídì ọmọ mi. Ní ẹ̀rùn tó ṣáájú ìyẹn, wọ́n tún fi ṣe eré orí tẹlifíṣọ̀n, tó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ilé la jọ wo ti tẹlifíṣọ̀n yìí. Obìnrin aránṣọ kan ló fẹ́ràn ọmọ ilé ńlá tó ń ránṣọ fún, ọkùnrin náà rìnrìn àjò, ìyá ọkùnrin náà, ìkà paraku, ó gbé iṣẹ́ tí obìnrin náà rán sí ọmọ rẹ̀ mì, àṣírí tú, ọkùnrin náà padà dé, wọ́n ṣe ìgbéyàwó nínú òjò. Mo sunkún ayọ̀ títí imú mi fi dí. Mo kàn ń rò ó pé, kí ló dé tó jẹ́ pé ìyá ọkọ ni wọ́n máa ń di gbogbo ẹ̀bi rù? Èmi náà ìyá ọkọ ni. Ẹ bi ìyàwó ọmọ mi, nọ́ọ̀sì tó wà ní yàrá yẹn, bóyá mo gbé iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mì rí.

Lọ́jọ́ kan tíṣà wọn dúró níwájú kíláàsì. Ó ní àwọn ilé ìwé fẹ́ pàdé láti sọ̀rọ̀ lórí ìwé náà: fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n, èwo ló bá ìwé lò bó ṣe yẹ? Ọmọ kan ṣoṣo ni ilé ìwé kọ̀ọ̀kan máa mú wá. Ẹni tó bá gbégbá orókè máa lo ìsinmi gígùn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn tí èèyàn ń wò. Kíláàsì tiwọn nìkan ló kàn. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí Pẹ̀lẹ́ ń fẹ́ láyé nìyẹn. Ó ti ń sọ ọ́ láti kékeré pé òun fẹ́ kọ ohun tí àwọn èèyàn á máa wò tí wọn ò ní mọ ìgbà tí ẹ̀kọ tutù mọ́ wọn lọ́wọ́.

Tíṣà ní, "Ta ló ti ka ìwé náà tán, tó sì ti wo méjèèjì?"

Pẹ̀lẹ́ nawọ́. Ó ní, "Mo ti kà á, sà. Mo wo ti tẹlifíṣọ̀n. Ti fíìmù ni n kò tíì rí, a ò ní ẹ̀rọ sídì nílé."

Ẹnudùn náà nawọ́. Ìwé wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò kọjá ojú ewé bíi mélòó kan. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wọn, Ṣókí, tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan ló fẹ́ gbọ́ ní ṣókí, ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé, "Ta ló tún ń kàwé láyé ìsinsìnyí? Nígbà tí wọ́n ti bá ọ kà á, tí wọ́n tún bá ọ wọṣọ rẹ̀?"

Tíṣà ní, "Ẹnudùn, ìwọ ńkọ́? Ìwé, fíìmù, tẹlifíṣọ̀n?"

"Mo ti parí gbogbo rẹ̀, sà. Fíìmù yẹn, inú ilé wa ló ń gbé."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Orúkọ Ẹnudùn ló kọ sílẹ̀. Pẹ̀lẹ́ rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Irọ́ náà ò tóbi. Ó kéré bí abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ó kù dẹ̀dẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí ni Pẹ̀lẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó kí bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wá dúró ti Ẹnudùn.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n wo fíìmù náà. Bí mo bá wò ó, mo lè bá ọ ro ọ̀rọ̀ rẹ pọ̀. Ohun kan wà nínú ìwé tí mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣe é."

Ẹnudùn ò wò ó lójú. Bí wọ́n bá jọ wò ó, Pẹ̀lẹ́ á mọ̀ pé kò wò ó rí. "Ẹ̀rọ ti bàjẹ́," ló wí.

"Nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún un ṣe?"

"Ṣé alágbẹ̀dẹ kì í jẹun pẹ̀lú ṣíbí tó ti tẹ̀ ni?"

Pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kò burú, ó lọ. Ẹnudùn yíjú padà láti wọlé. Ojú obìnrin náà wà nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa, ó ń wò ó. Ẹ ò ní gbàgbọ́: ojú tí ọmọ yẹn ti ń rí láti ìgbà tó ti ń rákò, ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù rẹ̀ kọ́kọ́ bà á. Ó fa aṣọ ìnùwọ́ bàbá rẹ̀, ó fi bo tẹlifíṣọ̀n náà.

Bàbá rẹ̀ ní, "Kí ló ṣe é?"

"Eruku, Bàbá mi."

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ á máa sọ pé, *ṣé o dé ibẹ̀, ṣé o dé ibẹ̀*. Bó bá ṣí ẹ̀rọ omi, tó ń kán sínú ike, ohun kan náà ló ń sọ. Ìyá rẹ̀ rán an níṣẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan, nígbà tó padà, ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé o dé ibẹ̀?" Ike oògùn bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án lọ́rùn bóyá ara rẹ̀ gbóná.

Ẹ ó ní, "Ìyá, kí ló dé tí kò kàn jókòó wo fíìmù náà kó bọ́?" Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀lẹ ni kò jẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ni kò jẹ́. Bó bá ti jókòó síwájú ẹ̀rọ, tí obìnrin náà bá ti ń gun àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ á ti lọ síbi tí wọ́n ti ń pa á kí obìnrin náà tó yíjú. Ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé, bí eré tẹlifíṣọ̀n bá parí sí ìgbéyàwó, kí ni fíìmù máa parí sí? Ṣebí ìtàn kan náà ni.

Ó fi ẹnu dídùn rẹ̀ hun ọ̀rọ̀ jọ. Ó sọ ọ́ fún mi, mo pàtẹ́wọ́. Ó sọ ọ́ fún kíláàsì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Pẹ̀lẹ́ nìkan ló fẹ́ la ẹnu béèrè nǹkan, ariwo ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Mo wọ bàtà mi tuntun, ó ń ta mí lẹ́sẹ̀, mi ò bìkítà. Gbọ̀ngàn náà kún. Fáànù ńlá kan ń yí lókè, ó ń dún kìẹ̀kìẹ̀. Mo rí i bí Ẹnudùn ṣe gbójú sókè wò ó, tó yára gbójú kúrò.

Nígbà tí wọ́n pè é, ó bọ́ síwájú bí ọmọ ọba. Háà, ó sọ̀rọ̀! Ó ní fíìmù fi àwọ̀ sọ ìtàn, tẹlifíṣọ̀n fi àkókò sọ ọ́. Ó ní aṣọ pupa obìnrin náà ni ìfẹ́, àtùpà rẹ̀ ni ìrètí. Ó ní nínú méjèèjì ìfẹ́ ló borí, nítorí bí ìwé bá tiẹ̀ mú kí òùngbẹ gbẹ èèyàn, àwòrán ló ń fún un lómi. Gbọ̀ngàn mì. Tíṣà rẹ̀ dìde dúró, ó ń pàtẹ́wọ́ lókè orí. Èmi ti fẹ́ dá orin.

Obìnrin kan wà láàárín àwọn onídàájọ́, ìyá onígíláàsì kan tí ojú rẹ̀ tutù. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹnu rẹ dára. Ohun kan ló kù. Ọmọ yẹn ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Fíìmù fi í bẹ̀rẹ̀, ó fi í parí. Èwo lo rò pé ó tọ́?"

Ẹnudùn dúró. Mo ń wo ẹnu rẹ̀, ẹnu tí mo mọ̀.

Ó ní, "Ọmọ wo, Mà?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn. Ẹlòmíràn gbà á. Ó di ariwo. Ìyá onígíláàsì ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó wo ọmọ náà bí ẹni ń wo aláìsàn, ó ní, "Ó dáa. Jókòó, ọmọ mi." Fáànù ń yí lókè: *dé-ibẹ̀, dé-ibẹ̀.*

Ilé ìwé mìíràn ló gba ẹ̀bùn.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kó bà á nínú jẹ́. Ẹ̀rù ló bà á. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àgbà, ká má tíì sọ ọmọdé." Pẹ̀lẹ́ na ọwọ́, ó gbá Ẹnudùn léjìká, ó ní, "Pẹ̀lẹ́." Ṣókí yọ orí láti ẹ̀yìn, ó rọra sọ fún un pé, "Ṣé o rí i? Wọ́n ti bá ọ wá àwáwí. Ẹ̀rù ni. Fi síbẹ̀, ó ti parí."

Òótọ́ ni. Ó lè fi síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láé. Ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà wúwo nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó fa aṣọ kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sídì yẹn sí i. Ẹ má dá a dúró."

Bàbá rẹ̀ wò ó, ó wò mí. Ó fi í sí i. Obìnrin náà gun àtẹ̀gùn, ó dúró, ó yíjú, "Ṣé o dé ibẹ̀?" Mo rí àtàǹpàkò ọmọ mi tó ń lọ síbi bọ́tìnì fúnra rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹṣin tó mọ ọ̀nà ilé. Mo gbá ọwọ́ náà mú.

Fíìmù náà ń lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, àwa kọ́ ló ń wò. Ọmọdébìnrin kan ló wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọmọ agbọ́únjẹ ilé náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku eré. Obìnrin náà ti rán an lọ sétí omi, kó lọ sọ fún atukọ̀ kan pé kó bá òun sọ fún olólùfẹ́ òun pé òun ń dúró dè é. Ọmọ náà bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n ṣeré, ọkọ̀ lọ. Ó gbójú sókè, ó ní pẹ̀lú ohùn tín-ínrín, "Mo dé ibẹ̀, Àǹtí."

Ẹnudùn bu ọwọ́ bo ẹnu.

Obìnrin náà gbà á gbọ́. Ó gbé àtùpà rẹ̀ sójú fèrèsé. Lójoojúmọ́ ló ń tàn án. Ọkùnrin náà, tí kò gbọ́ nǹkan kan, rò pé wọn ò fẹ́ òun mọ́, ó jókòó sí ìdálẹ̀. Òtútù dé, àìsàn dé. Ọmọ náà rí i bí obìnrin náà ti ń gbẹ, ó ń gbé omi fún un mu, kò sì sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà padà wá ní ìkẹyìn, epo ti tán nínú àtùpà, obìnrin náà sì ti kú lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ pupa yẹn lára rẹ̀.

Ó wá kan òpin. Ìyá arúgbó kan ló ń gun àtẹ̀gùn ilé náà, ilé ti ṣófo. Kò gbé àtùpà. Ó dúró láàárín, níbi tí obìnrin yẹn dúró sí, ó gbójú sókè sí òkùnkùn. Ọmọ ọjọ́sí ni, ó ti darúgbó. Ó ní, "N kò dé ibẹ̀."

Lójú ẹsẹ̀ gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Fíìmù tán. Nínú gíláàsì dúdú yẹn, ojú obìnrin alátùpà ṣì wà, ojú tó ti jó mọ́ ọn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èsì ìbéèrè rẹ̀. Mi ò lè purọ́ fún yín: irun ara mi dìde.

Ọmọ mi ọkùnrin nu ojú pẹ̀lú ọwọ́ tó dọ̀tí, ó kun ara rẹ̀ ní dúdú. Ó ní, "Láti ọjọ́ yìí, Màámi. Láti ọjọ́ yìí, àwọ̀ nìkan ni mo ń wò."

Ẹnudùn ní, "Mo purọ́, Màámi Àgbà." Ó sì rò ó fún wa, gbogbo bí mo ṣe rò ó fún yín yìí.

Mi ò lù ú, mi ò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo ní, "Àwa kọ́ ló bi ọ́. Lọ dá ẹni tó bi ọ́ lóhùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e, kí tíṣà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó dúró níwájú kíláàsì. Ṣókí ń mi orí sí i pé kó jókòó. Kò jókòó. Ó ní, "Ẹ̀rù kọ́ ló bà mí. N kò ka ìwé náà tán. N kò wo fíìmù náà rí. Ẹ̀rọ bàbá mi ò bàjẹ́ lọ́jọ́ tí Pẹ̀lẹ́ wá. Ààyè Pẹ̀lẹ́ ni mo fi irọ́ gbà."

Ẹ má rò pé wọ́n gbé e sọ́rùn o. Tíṣà gba ipò olórí ẹgbẹ́ asọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní iṣẹ́ títò ìwé yàrá ìkàwé títí táàmù fi parí. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ọmọ Wo! Ọmọ Wo, Mà!" Gbogbo ìyẹn, ó gbé e mì. Èyí tí kò lè gbé mì ni pé Pẹ̀lẹ́ ò sọ pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ kó àpò rẹ̀, ó lọ jókòó sí ìjókòó mìíràn. Ìsinmi gígùn dé, ìsinmi gígùn lọ. Ọmọ ilé ìwé kejì ló wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù. Ààyè yẹn ò padà wá. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, a kì í fi àtè lẹ̀ ẹ́.

Ní ìsinmi yẹn, Ẹnudùn yọ ìwé náà lábẹ́ ibùsùn. Ó gbé àga síwájú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ó ń kà á sókè fún mi lọ́sàn-án, láti ojú ewé àkọ́kọ́ títí dé ti ìkẹyìn. Nígbà tó kà á tán, ó nu ojú, ó jáde, ó gba ilé Pẹ̀lẹ́ lọ.

Ó ní, "Mi ò wá bẹ̀ ọ́. Mo ti bẹ̀ ọ́ tó, kò tán nínú rẹ. Mo wá sọ fún ọ pé a máa fi fíìmù náà hàn ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí o fẹ́ mọ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́sí, wá wò ó."

Pẹ̀lẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mi kó gbogbo tẹlifíṣọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a to bẹ́ǹṣì. Tíṣà wá. Ṣókí wá, ó ní òun kàn wá wò ó ní ṣókí. Ìyàwó ọmọ mi àti èmi ti gbé ìkòkò ńlá kaná. Nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Pẹ̀lẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá.

A wò ó dópin. Ṣókí gan-an ò mọ ìgbà tó jókòó sílẹ̀.

Tíṣà ní, "Tóò, ta ló máa bá wa fi wéra?"

Gbogbo ojú yí sí Ẹnudùn, bó ti mọ́ wọn lára. Ó ní, "Ẹ bi Pẹ̀lẹ́." Ó pa ẹnu dídùn rẹ̀ mọ́.

Pẹ̀lẹ́ dìde. Ohùn rẹ̀ kéré, àmọ́ ilé dákẹ́ dé bi pé a gbọ́ ọ. Ó ní, "Tẹlifíṣọ̀n fẹ́ kí inú wa dùn. Ó wá ìkà kan, ó di ẹ̀bi rù ú, ká lè lọ sùn. Ó mú ọmọ náà kúrò, nítorí ọmọ náà ò burú. Ọmọ náà dà bí àwa. Fíìmù fi í sílẹ̀, ó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ló le jù. Nínú ìwé, ọmọ náà ò sọ ọ́ láé. Ó dàgbà, ó bímọ, ó darúgbó, ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ìbéèrè yẹn, ìwé sì parí síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn, bóyá fíìmù máa jẹ́ kó sọ ọ́." Ó wá wo Ẹnudùn. "Ìwọ sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì lè gbọ́."

Ó fẹ́ padà jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ bẹ́ǹṣì. "Pẹ̀lẹ́ o," ó wí fún bẹ́ǹṣì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ló bá kọjá ibi tó ti jókòó tẹ́lẹ̀, ó wá síwájú, ó jókòó ti Ẹnudùn, ó ní, "Pẹ̀lẹ́."

Tíṣà ní, "Ohùn yìí ti wà nínú kíláàsì mi láti ọjọ́ wo?"

Ọmọ mi ní òun fẹ́ pààrọ̀ tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ náà, pé òjìji yẹn ń dẹ́rù ba oníbàárà. Ẹnudùn ní kó fi í sílẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ lè lọ wò ó bí ẹ bá jẹun tán. Bí Ẹnudùn bá gbé iṣẹ́ kan, tó parí rẹ̀ ní tòótọ́, mo máa ń rí i tó ń dúró síwájú rẹ̀, á wo obìnrin náà lójú, á ní, "Mo dé ibẹ̀." Bí kò bá tíì parí rẹ̀, á ní, "Mi ò tíì dé ibẹ̀, Àǹtí. Mo ń lọ." Méjèèjì ló ń tẹ́ obìnrin náà lọ́rùn, nítorí òótọ́ ni méjèèjì.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Má sọ pé o ka ohun tí o kò kà. Má sọ pé o dé ibi tí o kò dé. Ẹnì kan lè ti gbé àtùpà sójú fèrèsé nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ, kó máa dúró. Bí irọ́ bá sì ti bọ́ lẹ́nu rẹ, sáré lọ sọ òótọ́ nígbà tí epo ṣì wà nínú àtùpà.

Ó yá, ẹ bá mi gbé orin wa, ká yí ìdí rẹ̀ padà:

Alátùpà orí àtẹ̀gùn,
*Mo ti dáhùn.*
Iná ń jó, epo ṣì kù,
*Mo ti dáhùn.*
Bí mo dé, bí n kò dé,
*Mo ti dáhùn.*

Ẹ gbé àwo yín wá. Ẹni tó jẹ ẹnu lásán lẹ́yìn yẹn, ìwọ náà máa bọ̀. Mo kàn ń dẹ́rù bà ọ́ ni. Ní Sátidé yẹn, kò sẹ́ni tí ìkòkò ò kàn. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n ń fi orin mi rìn lọ sílé lójú ọ̀nà, Pẹ̀lẹ́ àti Ẹnudùn ló wà níwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin ó ṣe lọ lónìí: ikùn kíkún, ọkàn fúyẹ́, kí oníkálukú dé ilé rẹ̀. Bí ìyá yín bá sì bi yín pé ṣé ẹ dé ibi tí wọ́n rán yín, ẹ mọ ohun tí ẹ máa sọ.